Ààlà Ìdìbò Tó Gba Àárín Gbàgádà Kọjá

Ẹni tó ń gbé Gbàgádà, tó fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣojú òun ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá, kò gbọdọ̀ fi ìdáhùn aládùúgbò rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Gbàgádà kan ṣoṣo la mọ̀ lẹ́nu, àmọ́ nínú ìwé INEC, àjọ elétò ìdìbò, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí. Apá kan, Ìfàkọ̀ àti Ṣólúyì, jẹ́ wọ́ọ̀dù kan lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ìyẹn Kòsọ́fẹ́ tó tún kó Kétu, Ìkòsì, Ògùdù àti Ọ̀wọ̀rọ̀ńṣòkí mọ́ra. Ní apá kejì, Gbàgádà Phase I wà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n so mọ́ Ọbáníkòró àti Pedro, Phase II wà ní èyí tí wọ́n so mọ́ Bàrígà. Ṣómólú ló ni àwọn méjèèjì. Aṣojú-ṣòfin Kòsọ́fẹ́ yàtọ̀, ti Ṣómólú yàtọ̀. Sẹ́nétọ̀ nìkan ló pa wọ́n pọ̀, torí pé Kòsọ́fẹ́ àti Ṣómólú jọ wà ní ẹkùn Ìlà-Oòrùn Èkó, pẹ̀lú Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí.

Ọjọ́ 5 December 2020 ni ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba. Sẹ́nétọ̀ Bayo Osinowo, tí wọ́n ń pè ní Pepperito, ti kú ní June ọdún yẹn. Tunde Buraimoh, tó ń ṣojú Kòsọ́fẹ́ Kejì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, kú ní July. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dìbò láti rọ́pò àwọn méjèèjì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní Kòsọ́fẹ́ Kejì gba ìwé ìbò méjì lọ́wọ́. Ará Gbàgádà tí orúkọ rẹ̀ wà ní Ṣómólú gba ẹyọ kan. Lọ́dún 2025 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí alága Bàrígà, ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tó jáde lára Ṣómólú, tó ń múra àtilọ, sọ ibùdókọ̀ Charly Boy di orúkọ Olamide olórin, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti ń sọ pé Gbàgádà ni ibùdókọ̀ náà wà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé Bàrígà ló ní agbára lórí rẹ̀.

Ààlà báyìí kì í hù bí koríko. Ènìyàn ló ń fà á, òfin ló ń gbé e ró, òfin náà ló sì ń pa á rẹ́. Ẹkùn ìdìbò tó ti kọjá lórí ilẹ̀ Gbàgádà láti ọgọ́rùn-ún ọdún wá kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Ìlú Èkó ni wọ́n ti fa òmíràn, Ìbàdàn ni wọ́n ti fa òmíràn, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti pinnu ọ̀kan nínú wọn, Àbújá ni wọ́n sì ti ń mójú tó èyí tó wà lónìí. Mo gbà pé ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ní lè béèrè ohun tó tọ́ sí i, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ là á sílẹ̀.

Ìgbà tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní August 1861 ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kó mọ́ erékùṣù náà lẹ́yìn ìyẹn, láti Àgbádárìgì dé Ẹ̀pẹ́, àti àwọn abúlé Àwórì tó wà lápá Ìkẹjà, ni wọ́n ń pè ní Kólónì. Ará Kólónì ni ará Gbàgádà ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin ọdún 1922 mú ìdìbò dé, tí wọ́n sì dìbò àkọ́kọ́ lọ́dún 1923, ìlú Èkó àti Kàlàbá nìkan ni wọ́n fún ní àga nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, Èkó gba mẹ́ta, Kàlàbá gba ọ̀kan. Ọkùnrin nìkan ló lè dìbò, ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21, kí ó ti gbé ìlú náà fún oṣù 12, kí owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú sì tó £100, iye tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìjọba pàápàá kì í rí. Ẹgbẹ́ NNDP tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ ní June ọdún náà ló kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ààlà ìlú Èkó tó ní ìbò kò kọjá erékùṣù náà, Èbúté Mẹ́tta àti agbègbè Yábàá. Àgbẹ̀ tó wà ní Ìfàkọ̀ tàbí ní Kétu kò ní ìbò kankan, bó tilẹ̀ ní £1,000. Gómìnà ló máa ń yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún àwọn abúlé Kólónì nínú ìgbìmọ̀.

Ọdún 1951 ni ìbò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀nà tó gbà dé sì ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ ìbò òde òní nìkan. Òfin tuntun tí Gómìnà Macpherson gbé kalẹ̀ da gbogbo Kólónì, àti Èkó fúnra rẹ̀, pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, olú-ìlú sì di Ìbàdàn. Kólónì wá di ọ̀kan lára àwọn ẹkùn, ohun tí ìwé ìjọba ń pè ní Province, bíi ti Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó. Lábẹ́ ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìpín wà, ìpín wọ̀nyí ni wọ́n sì fi ń yan aṣòfin. Gbàgádà wà ní ìpín Ìkẹjà. Kò sí pé kí olúkúlùkù lọ tẹ ìka fún ẹni tó wù ú: àwọn tó ń san owó-orí ní abúlé yóò péjọ, wọn yóò yan aṣojú, àwọn aṣojú abúlé yóò pàdé, wọn yóò tún yan lára wọn, àwọn tó kù sí òkè ni yóò wá péjọ ní olú-ìlú ìpín láti yan ẹni tó ń lọ Ìbàdàn. Nígbà tí ìbò bá fi máa dé orí aṣòfin, ó ti kọjá lọ́wọ́ àwọn tí ará abúlé kò mọ̀ rárá. Ẹgbẹ́ kò fara hàn dáadáa nínú irú ìdìbò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Action Group àti NCNC fi jọ ń sọ pé àwọn ló wọlé jù lẹ́yìn ìbò ọdún náà, tí àríyànjiyàn rẹ̀ kò sì tíì tán títí dòní.

Ẹni tó fẹ́ rí ohun tí wíwà lábẹ́ ẹkùn mìíràn lè dá sílẹ̀, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Nnamdi Azikiwe, olórí NCNC. NCNC kó gbogbo àga márààrún tí Èkó ní nílé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn: Azikiwe, Adeleke Adedoyin, Olorun-Nimbe, T. O. S. Benson àti H. P. Adebola. Àwọn méjì péré nínú wọn ló lè lọ sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, ilé ìgbìmọ̀ tó wà n'Íbàdàn ló sì ní agbára láti yàn wọ́n. Action Group ló ti gba ilé náà. Wọ́n yan Adedoyin àti Olorun-Nimbe, àwọn méjèèjì kò sì yẹ̀ sílẹ̀ fún olórí ẹgbẹ́ wọn. Báyìí ni ẹni tí Èkó dìbò fún jókòó sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olórí àtakò, tí kò rí ọ̀nà dé ibi tó ń lọ. Àwọn olùdìbò Èkó kò kọ̀ ọ́. Ẹkùn tí wọ́n kó Èkó sí ló dí i lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí wọ́n tún ààlà náà fà. Níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1953, Oliver Lyttelton, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ òkèèrè, pinnu pé kí wọ́n yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, kó di olú-ìlú àpapọ̀. Inú Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Action Group, kò dùn sí i rárá. Ìpinnu náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 1954. Ohun tí wọ́n yọ kò tóbi, ó tó 70 kìlómítà níbùú lóròó. Ìyókù Kólónì, Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, ṣẹ́ kù sọ́wọ́ Ìbàdàn. Yábàá di ti ìjọba àpapọ̀. Múṣin, Ṣómólú, Bàrígà àti Gbàgádà di ti Ìwọ̀-Oòrùn. Ìrìn ẹsẹ̀ kékeré ló wà láàárín ìjọba méjì.

Ìjọba méjì yìí kò sì jọra. Ní January 1955, Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Èkó kò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ títí di 1957. Fún ọdún méjì, ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ́lé sí apá Múṣin ń lọ sílé-ìwé láìsanwó, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí náà tó ń gbé Yábàá ń san. Ìbàdàn ló ń gba owó-orí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá tó sì ń sùn ní Ṣómólú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ló dá agbègbè iléeṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀. Títì Ọba Akran tó gba ibẹ̀ kọjá ń jẹ́ orúkọ C. D. Akran, ará Àgbádárìgì tó wọ ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn láti ẹkùn Kólónì, tó sì di mínísítà ìṣúná. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ sí ẹ̀yìn ààlà, torí ilé ṣọ̀wọ́n l'Ékòó, ìjọba àpapọ̀ sì ń wó ilé àárín ìlú láti 1955. Múṣin tó ní nǹkan bí 32,000 ènìyàn nínú ìkànìyàn 1952 ti kọjá 300,000 nígbà tí wọ́n kà á lọ́dún 1963. Kò sí ẹkùn ìdìbò kankan tó lè bá irú ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ rìn. Fún ìdìbò 1959, ìkànìyàn 1952 àti 1953 ni wọ́n fi pín àga 312 ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, nǹkan bí 100,000 ènìyàn sí àga kan: Àríwá gba 174, Ìlà-Oòrùn 73, Ìwọ̀-Oòrùn 62, Èkó mẹ́ta. Gbogbo ẹni tó ti kó lọ sí ẹ̀yìn Èkó láàárín ọdún méje yẹn wọ inú àga tí wọ́n wọ̀n fún àwọn tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Nígbà yẹn ìbò ti di ti gbogbo àgbà ní Ìwọ̀-Oòrùn àti l'Ékòó, ọkùnrin àtobìnrin. Àwọn àgbàlagbà ṣì ń rántí àpótí tó ní àwòrán ọ̀pẹ fún Action Group àti èyí tó ní àkùkọ fún NCNC. Nínú ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn tó wáyé ní ọjọ́ 11 October 1965, ọwọ́ ni àmì ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, NNDP tí àwọn ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ̀. Kì í ṣe NNDP ti Macaulay. Ìbò yẹn ni wọ́n fi èrú kó, òun ló sì bí wẹ́tì-ẹ̀, tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sára ilé àti ènìyàn tí wọ́n sì ń ṣáná sí i. Múṣin wà lára àwọn ibi tí iná náà ti jó. Ará Yábàá ń wò ó láti òdìkejì ààlà, torí pé kì í ṣe ìdìbò tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun gbàjọba ní ọjọ́ 15 January 1966, ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn tú ká, ìpín Ìkẹjà gẹ́gẹ́ bí ẹkùn ìdìbò sì dópin pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹni tó dìbò láti pa á.

Òfin ọjọ́ 27 May 1967 tí Gowon, olórí ìjọba ológun, fi dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀ ló so ohun tí Lyttelton yà padà. Èkó àtijọ́ àti ẹkùn Kólónì di Ìpínlẹ̀ Èkó, Mobolaji Johnson sì di gómìnà. Lọ́dún 1968 wọ́n pín ìpínlẹ̀ náà sí márùn-ún, Ìkẹjà, Àgbádárìgì, Ìkòròdú, Erékùṣù Èkó àti Ẹ̀pẹ́, ìpín tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣì ń lò lẹ́nu títí di òní. Àtúnṣe ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 1976 sọ gbogbo Èkó di ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, Ṣómólú sì jẹ́ ọ̀kan. Ní 1980 Gómìnà Lateef Jakande sọ ọ́ di 23, ibẹ̀ ni orúkọ Kòsọ́fẹ́ ti kọ́kọ́ jáde. Àwọn ọmọ ogun dé, wọ́n fagi lé e, Kòsọ́fẹ́ padà sínú Ṣómólú. Lọ́dún 1996 ni Abacha tún yọ ọ́ síta, tí Èkó fi di ogún ìjọba ìbílẹ̀. Ààlà tó pín Gbàgádà sí méjì lónìí ti ibẹ̀ yẹn wá: Ìfàkọ̀ bá Kòsọ́fẹ́ lọ, Phase I àti II dúró sí Ṣómólú. Ọdún 1996 náà sì ni wọ́n fa ẹkùn ìdìbò tí a ń lò títí di ìsinsìnyí.

Àwọn tó ka òfin ọdún 1999 yóò rí i pé ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n máa gbà fa ẹkùn kò ṣòro. Ilé aṣojú-ṣòfin ní àga 360. Wọn yóò fi 360 pín iye ènìyàn orílẹ̀-èdè, ohun tó bá jáde ni ìwọ̀n. Abala 72 sọ pé kí iye ènìyàn inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan sún mọ́ ìwọ̀n yẹn bó bá ti ṣeé ṣe tó, àti pé ẹkùn kan kò gbọdọ̀ wọ ìpínlẹ̀ méjì. Abala 73 ní kí INEC máa yẹ ààlà wò, ó kéré tán ọdún mẹ́wàá láàárín àyẹ̀wò kan àti òmíràn. Ti ìpínlẹ̀ ẹ̀wẹ̀, abala 91 sọ pé àga ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye aṣojú-ṣòfin rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín ní 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Èkó ní aṣojú-ṣòfin 24. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 72, òfin dá a dúró sí 40. Wọ́n kúkú pín 40 náà fún ìjọba ìbílẹ̀ 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba méjì. Bí Kòsọ́fẹ́ Kìíní àti Kejì ṣe wáyé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìkànìyàn 2006 ní ènìyàn 140,431,790 ló wà ní Nàìjíríà, ìwọ̀n àga kan jẹ́ nǹkan bí 390,000. Wọ́n ka 9,113,605 fún Èkó, ìyẹn fún un ní àga 23 àti díẹ̀. 24 tó ní kò burú rárá lórí ìkà yẹn. Inú Èkó gan-an ni ìpín náà ti wọ́. Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ní 117,481, aṣojú-ṣòfin kan. Ẹ̀pẹ́ ní 181,409, aṣojú-ṣòfin kan. Kòsọ́fẹ́ ní 665,393, aṣojú-ṣòfin kan. Àlímọ̀ṣọ́ ní 1,277,714, aṣojú-ṣòfin kan náà. Ohùn ará Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí kan tó ohùn ará Gbàgádà márùn-ún ní apá Kòsọ́fẹ́, ó sì ju ti ará Àlímọ̀ṣọ́ mẹ́wàá lọ. Mo mọ̀ pé ìjọba Èkó kò gba ìkà yẹn, wọ́n ní àwọn ka ju mílíọ̀nù 17 lọ, tí 934,614 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Kòsọ́fẹ́. Bí a bá lo tiwọn, ọ̀rọ̀ náà kò dára sí i fún Kòsọ́fẹ́. Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ti kún ju ti 2006 lọ dáadáa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ìkànìyàn tuntun tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023 ni wọ́n sún síwájú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ wa ní ìdìbò ti jẹ irú ìyà yìí rí. Old Sarum, òkè kan tí ilé kò sí lórí rẹ̀ mọ́, ń rán aṣòfin méjì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí Manchester kò ní ẹnì kan. Ọdún 1832 ni wọ́n tó tún un ṣe, lẹ́yìn ìjà gbọọrọ.

Àwọn mìíràn máa ń sọ pé INEC ti ṣe àtúnṣe lọ́dún 2021. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà yẹn ni pé wọ́n fi kún ibùdó ìdìbò, láti 119,973 sí 176,846 jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ti Èkó láti 8,462 sí 13,325. Èyí dín ìtò gígùn kù, ó sì yẹ ká yìn wọ́n. Kò kan ààlà ẹkùn rárá. Bákan náà ni àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 tí Gómìnà Tinubu dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, tí Àgbóyì-Kétu àti Ìkòsì-Ìṣẹ́rí fi jáde lára Kòsọ́fẹ́, tí Bàrígà sì jáde lára Ṣómólú. LASIEC, àjọ elétò ìdìbò Èkó, ń dìbò alága àti káńsílọ̀ fún wọn, ti July 2025 ló gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní December 2004 pé iṣẹ́ lórí wọn kò tíì parí lójú òfin orílẹ̀-èdè, nítorí náà ogún ìjọba ìbílẹ̀ ni INEC mọ̀. Ará Phase II wá ń dìbò fún alága Bàrígà nínú ìdìbò kan, ó ń dìbò fún aṣojú Ṣómólú nínú òmíràn, ó sì ń kọ Gbàgádà sórí lẹ́tà rẹ̀.

Nínú abala 72 tí mo mẹ́nu kàn, ààlà ìpínlẹ̀ nìkan ni wọ́n dá sọ́tọ̀ pé ẹkùn kò gbọdọ̀ kọjá. Wọn kò sọ pé ààlà ìjọba ìbílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ààlà ẹkùn. Lójú tèmi, nígbà tí Kòsọ́fẹ́ ti tó ẹkùn kan àti ààbọ̀ ó lé, kò sí ohun tó burú nínú kí àyẹ̀wò tuntun kó Gbàgádà jọ sójú kan, kí Kétu, Ìkòsì àti Mile 12 sì ní tiwọn. Ó ṣeé ṣe kí ilé ẹjọ́ tilẹ̀ ti INEC sí i: ní December 2022 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí wọ́n tún ààlà wọ́ọ̀dù àti ibùdó ìdìbò inú ẹkùn Warri fà. Nígbà tí INEC gbé èyí tí wọ́n yà jáde lọ́dún 2025, àwọn kan nínú ìran tó wà níbẹ̀ fárígá. Ìyẹn fi hàn pé ẹni tó bá fẹ́ kí ààlà Gbàgádà yí padà gbọ́dọ̀ bá àwọn ará Bàrígà, Pedro àti Ọ̀wọ̀rọ̀ńṣòkí sọ ọ́ ṣáájú, kí ó tó kọ ìwé sí INEC. Bí INEC bá gbà, ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì l'Ábùjá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, abala 74 sọ pé kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí sáà ilé ìgbìmọ̀ tó wà lórí àlééfà yóò fi parí. Èyí tó jókòó ní June 2023 kò ní parí tirẹ̀ títí di June 2027.